Ìrun Òkú Rùfáì

Ọdún 2012 ni wọ́n pa Rùfáì, ọkọ Ajarat, ní àríwá Màlì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Màlì ló ti ń ta aṣọ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Àwọn oníbọn tó gba ìlú náà fà á jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó sá wálé ló ròyìn ikú rẹ̀; ẹnikẹ́ni ò gbé òkú dé.

Ajarat ń ta alùbọ́sà ní ọjà Mile 12, ó ń gbé Ajégúnlẹ̀, níbi tí odò ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Alfa Mutolib, ìmáàmù àdúgbò, ní ẹ̀sìn gbà kí àwọn kírun sí òkú tí kò sí nílẹ̀. Ajarat kọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹni tó pa á, Alfa."

Èmi Hidayat, ọmọ Ajarat, ni mo sọ fún un nípa ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó wà nílùú Hague. Bí ìjọba kan ò bá lè ṣẹjọ́ ìpakúpa, tàbí tí kò fẹ́ ṣe é, wọ́n lè gbà á ṣe. Ọ̀gá tó pàṣẹ gan-an ni wọ́n ń wá. Nígbà tó yá, wọ́n kéde ìwé àṣẹ láti mú ọ̀gá àwọn oníbọn ọ̀hún. Ìyá mi pín alùbọ́sà fún gbogbo ìsọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.

"Ìyá Hidayat," Ruqoyah ará ìsọ̀ kejì á ní, "ilé-ẹjọ́ òyìnbó ò tíì pè yín? Ẹ bá wọn di alùbọ́sà sápò kan, kí wọ́n lè tètè rìn."

"Ta tìẹ tán ná, aláròyé."

Lọ́jọ́ kan ìyá mi bi mí: "Kí ló dé tí wọn ò mú un?"

"Wọn ò ní ọlọ́pàá, Mummy. Àwọn ìjọba tó buwọ́ lùwé àdéhùn ilé-ẹjọ́ náà ló yẹ kó mú un fún wọn."

"Wọn ò lè dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀?"

"Rárá. Ó gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́."

Àwọn ìjọba yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọkùnrin náà ń jẹun, ó ń sùn. Mi ò dárí ji ìkankan nínú wọn.

Ìyá mi bó alùbọ́sà kan tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin yẹn ò sí nílẹ̀, wọn ò lè dá a lẹ́jọ́. Bàbá ẹ náà ò sí nílẹ̀, àmọ́ a lè kírun sí i. Pe Alfa fún mi."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a tò síwájú ilẹ̀ lásán. Ìrun òkú kò ní ìforíkanlẹ̀. Ìdúró ni wọ́n ń kí i. Ìyá mi forí kanlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wa. Alfa sálámà láti parí ìrun, àwọn èèyàn yíjú, ìyá mi ṣì wà nílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ṣì í kí.