Kọ̀ǹpútà Tí Mi Ò Tì

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù.

Nínú agbo ilé wa nítòsí Ìyànà Ọ̀fà, lẹ́tà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí lẹ́tà bá dé, ọwọ́ baálé ni wọ́n ń kó o lé. Baálé á pe ọmọ tó mọ̀wé, ọmọ náà á kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé á sì gbọ́. Èmi gan-an ni mo ń kà á nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo tilẹ̀ máa ń fi yangàn.

Nígbà tí mo di tíṣà, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, mo gbé e sí pálọ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì ọ̀dọ̀ wa kì í dúró, nítorí náà mo ń wá ètò ímeèlì ọ̀fẹ́ tí yóò máa fa lẹ́tà wọlé nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá yọjú, tí yóò sì tọ́jú wọn sínú ẹ̀rọ. Mẹ́ta ni mo dán wò. Èkíní ti gbó, àwọn tó ṣe é kò tún un ṣe mọ́, olè á sì ti mọ gbogbo ihò ara rẹ̀. Èkejì rẹwà, ó yára, ó ń to lẹ́tà bí ẹni ń to iṣu sínú abà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣáà ti jókòó sídìí ẹ̀rọ lè ṣí i. Ẹ̀kẹta burẹ́wà, ó ń falẹ̀, àmọ́ kò ní ṣí láìjẹ́ pé èèyàn tẹ páásíwọọ̀dù, ó sì máa ń kìlọ̀ bí lẹ́tà gbájú-ẹ̀ bá wọlé.

Ẹ̀kẹta ni mo fi sí i. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ baálé wa, fẹ́ wo lẹ́tà tí ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi, tí ẹ̀rọ sì ní kí wọ́n tẹ páásíwọọ̀dù. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Nínú ilé bàbá rẹ, ta lo ń tilẹ̀kùn mọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo yọ ẹ̀kẹta kúrò, mo fi èkejì sí i. Èmi tí mo mọ ohun tó dára ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Ọdún mẹ́fà ni àbúrò mi obìnrin ti wà nílé ọkọ láìrí ọmọ bí. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù, wọ́n sì fi ímeèlì mi sílẹ̀ fún èsì, nítorí fóònù tiwọn kò lè gbà á. Àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀ mí pé ohun yòówù kí èsì náà sọ, ẹnu òun ni kí ọkọ òun ti gbọ́ ọ.

Mo wà níbi iṣẹ́ ní Akanran nígbà tí èsì dé. Baálé rí i, wọ́n pe ìyàwó ilé kan tó gbọ́ òyìnbó, ó sì kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ara ọkọ ni ìṣòro wà. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn mi ṣe? Wọ́n yọ̀. Wọ́n ní Alhamdulilahi, kì í ṣe ọmọ tiwọn. Wọ́n gbé ayọ̀ náà dé ọjà, ọjọ́ yẹn náà sì ni ọkọ àbúrò mi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fẹ́ táyà ọ̀kadà rẹ̀. Kí àbúrò mi tó délé, ọkọ rẹ̀ ti kó aṣọ ara rẹ̀ lọ.

Baálé ní ire ni àwọn rò. Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo bá tèmi lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo dá ẹ̀kẹta padà sórí ẹ̀rọ. Mo kọ páásíwọọ̀dù sínú ìwé pélébé kan, mo gbé e lọ fún àbúrò mi, mo ní àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n. Ó wò ó, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló kù tí ẹ fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ tì?"