Òwúrọ̀ Tí Agbára Tán Nínú Ilé-Ń-Rìn

Ẹ́ńjìnì tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn láyé mi, ṣe ló gbá mi. Irin tí a fi ń yí i ló ta padà, ó bà mí lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ náà sì wú fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Tìmẹ́hìn dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ló ni ẹbu tí a ti ń ṣe epo pupa ní Akọ́tọ́gbò níhìn-ín.

“Ṣé o kí i kí o tó fọwọ́ kàn án?”

“Bàbá, ẹ́ńjìnì náà ni kí n máa kí?”

“Ó ṣáà ti dá ọ lóhùn.”

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni nígbà náà. Mi ò mọ ìwé, mi ò dé ilé ìwé rárá. Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó tì mí yìí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ẹyìn ni mo lọ ń sè ní ẹbu yẹn. Nígbà tí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnì bá tirẹ̀ lọ, Bàbá wò yíká, ó ní èmi ni kí n bọ́ síbẹ̀, torí pé bí ohùn ẹ́ńjìnì bá yí padà báyìí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin tó ń gbé ẹyìn wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

“Ìyàwó ẹ́ńjìnì, ọkọ rẹ ti jẹun àbí kò tíì jẹun?”

Mo ní ó ti jẹun, ó sì ń ṣiṣẹ́, kò dà bíi tiyín. Nígbà tó yá, yẹ̀yẹ́ di orúkọ. Ìye ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ìyá, wọ́n bá sọ mí di Ìye Ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ara Bàbá kò gbé e mọ́, ó fa ẹbu náà lé mi lọ́wọ́.

Ohun tó kọ́ mi kò ju ẹnu mélòó kan lọ. Ó ní ẹ́ńjìnì dísù kò ní ju ebi àti èémí lọ. “Bí agbára rẹ̀ bá ń lọ, wo èéfín. Bó bá ń tú èéfín dúdú, kò rí èémí tó ni, lọ wo ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Bí kò bá tú èéfín rárá tí agbára sì ń lọ, ebi ló ń pa á. Lọ wo fílítà.” Fílítà ni asẹ́ tí dísù ń gbà kọjá kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú ẹ́ńjìnì. Tó bá ti sọ ìyẹn tán, á tún sọ èyí tí mo rò nígbà náà pé ẹ̀fẹ̀ ni: “Ẹ́ńjìnì kì í purọ́. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kí o máa ṣọ́.”

Ó ní òfin kan tí kì í fi ṣeré. Kẹ́ẹ̀gì ló wà ní ẹbu, kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti kẹ́ẹ̀gì dísù. Ti dísù, okùn dúdú ni a máa ń so mọ́ ọn lọ́rùn. Kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbé epo pupa rí kò gbọdọ̀ gbé dísù láéláé, àfi bí a bá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ, kí á tó so okùn mọ́ ọn. Mo pa òfin yẹn mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń pọn ọmọ àkọ́bí mi títí mo fi di ìyá àgbà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mi ò pa á mọ́.

Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ló fi mọ́tò kan ta ìjọ wa lọ́rẹ. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a máa ń jáde lọ wàásù ní àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá omi. Mọ́tò náà kì í ṣe kékeré. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná onígáàsì wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ló sọ ọ́ ní Ilé-Ń-Rìn. Dísù ló ń mu. Múyìwá, ọmọ ìjọ wa, ló ń wà á, kò sì sí ohun tí kì í fi nù ún.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, ìjọ fẹ́ jáde ìwàásù. Múyìwá ra dísù sínú táńkì, kò kún. Mo ní màá fi èyí tó kù ṣe ọrẹ. Ẹ gbọ́ o, ọrẹ sí ilé Ọlọ́run! Iṣẹ́ pọ̀ ní ẹbu lọ́jọ́ náà, kò sí kẹ́ẹ̀gì olókùn dúdú kankan tó ṣófo. Mo mú ti epo pupa méjì. Mo yẹ inú wọn wò, oòrùn ọ̀sán ti yọ́ epo tó kù ní ìdí wọn, ó rí bí ohun tí kò tó nǹkan. Mo da dísù díẹ̀ sí i, mo mì ín, mo dà á nù. Mo ní ó ti mọ́, mo bá rọ dísù ẹbu kún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi dà á sínú táńkì Ilé-Ń-Rìn, Múyìwá kò sí níbẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé wọ́n ní ọrẹ tí ọwọ́ òsì kò mọ̀ ló dára jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìpá Bàbá Tìmẹ́hìn há. Ó ti pẹ́ tí ìpá náà ti wà lára rẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó le bí òkúta, kò wọlé mọ́, Bàbá sì ń bì. Nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò wò ó, ó ní kí á má fi falẹ̀, ọsibítù ńlá ní Òkìtìpupa ni, iṣẹ́ abẹ ni. Bàbá kò lè jókòó sórí ọ̀kadà. Kò lè tẹ̀ láti wọ mọ́tò kékeré. Ibùsùn ló lè gbé e, Ilé-Ń-Rìn nìkan ló sì ní ibùsùn. A gbé e sínú rẹ̀: èmi, Múyìwá, àti Wòlíì wa nínú sùtánà funfun.

Ó sáré dáadáa lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Nígbà tí a máa gun òkè kékeré kan kí á tó dé Òde-Ìrèlè, mo gbọ́ ọ kí Múyìwá tó gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́.

“Ìye, mo ń tẹná, kò gbọ́.”

“Ó kú ni?”

“Kò kú o. Ó ń mí, àmọ́ kò lágbára.”

Ó dúró ní ìdajì òkè. Wòlíì mú agogo rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó ní àwọn ọ̀tá baba yìí ló dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́tò ká. Bàbá pè mí láti orí ibùsùn. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́.

“Nínú èmi àti mọ́tò, ta ni àìsàn rẹ̀ le jù?”

“Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀.”

“Èéfín ńkọ́?”

“Kò sí èéfín.”

“Ebi ni. Kí ni o ṣì ń wò níbí?”

Mo lọ tú fílítà. Mo ti rí fílítà tó ní iyanrìn, mo ti rí èyí tó ní omi, mo ti rí èyí tí aáyán kú sí. Mi ò rí irú èyí rí. Ọ̀rá ti dì mọ́ ọn yíká, ó pọ́n, ó ki, bí epo tó sun ìta nígbà ọyẹ́. Dísù kò rí ibi kọjá. Mo fi ìka kó díẹ̀, mo gbé e sí imú. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi ohun tó jẹ́, tàbí ẹni tó gbé e débẹ̀.

Fílítà mìíràn kò sí. Mo gbé omi kaná lórí gáàsì inú mọ́tò, mo dà á lé fílítà náà lórí títí ọ̀rá fi yọ́, mo fẹ́ ẹ, mo fi ìborùn mi nù ún gbẹ. Múyìwá dè é padà, a sì fi ọwọ́ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Wòlíì kígbe halelúyà.

Bí mo ṣe padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Bàbá na ọwọ́.

“Gbé ọwọ́ rẹ wá.”

Ó fa ìka mi sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ṣe epo láti kékeré ni. Ó wò mí.

“Kẹ́ẹ̀gì ta ni?”

Mo lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo gbọ́ ohùn mi tó ń sọ pé, “Mi ò mọ̀, Bàbá. Bóyá níbi tí Múyìwá ti rà á ni.”

“Ó dáa,” ló wí. Ó yí ojú sí ògiri mọ́tò.

Táńkì kún fún un, kí ni fífọ̀ fẹ́ ṣe? Mo fọ fílítà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà. Mo dá àwọn ènìyàn dúró, mo bi wọ́n ní dísù mímọ́. Bẹntiróòlù ọ̀kadà ni gbogbo wọn ní. Bọ́ọ̀sì kan dúró fún wa, a gbìyànjú láti gbé Bàbá, igbe tó ké ni kò jẹ́ kí á tún fọwọ́ kàn án. Oòrùn ti wà láàárín orí nígbà tí a dé ọsibítù. Ọ̀nà tí a lè fi wákàtí kan rìn.

Nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé lórí ibùsùn onítáyà, ó fi ọwọ́ pè mí. Mo dẹ etí sí i lẹ́nu.

“Omi gbígbóná àti ọṣẹ,” ló wí. “Wọn kì í fi dísù fọ̀ ọ́.”

Ó mọ̀. Ó mọ ẹni tó ṣe é, ó sì mọ bí mo ṣe ṣe é. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ìfun tó há ti kú nínú ikùn kí a tó dé, ọkàn Bàbá kò sì gba iṣẹ́ abẹ náà, Bàbá ti gbẹ́mìí mì. Ó ní à bá ti tètè gbé e wá. Múyìwá ló dá a lóhùn pé mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Wòlíì gbọ́ ọ. Ó gbé e dé ìjọ. Wọ́n ní Múyìwá ra dísù burúkú láti fi ṣèrú, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó búra, ó sọkún níwájú pẹpẹ. Mo jókòó lórí àga mi, mo ń wo ilẹ̀.

Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì mọ́ láti ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹbu ń ṣiṣẹ́ lójú mi, bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo ń gbọ́ ọ, mo mọ ìgbà tí ebi bá ń pa á, màá sì dákẹ́. Àdúrà kò lọ lẹ́nu mi mọ́ bíi tàtijọ́. Kí ni mo fẹ́ bẹ Ọlọ́run fún? Ẹni tí mo fẹ́ bẹ̀ wà nínú ilẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo fẹ́ lọ sí Òde-Ìrèlè, mo dá ọ̀kadà kan dúró. Mo ti gùn ún tán kí ẹni tó ń wà á tó yíjú padà. Múyìwá ni. Ó ti rù.

“Ìye Ẹ́ńjìnì! Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ di èjìká mi mú dáadáa o, ọ̀nà yìí kò dáa.”

Mo di èjìká rẹ̀ mú. A gun òkè yẹn, òkè tí mọ́tò ti dúró. Ó dẹ iná sílẹ̀ díẹ̀ kí gìrìgìrì rẹ̀ má bàa dùn mí. Nígbà tí a dé Òde-Ìrèlè, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní ìyá òun ni mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Tèmítọ́pẹ́ kó mú bírò wá. Ó ti dá ọwọ́ dúró báyìí, ó ń wò mí.

“Ìyá àgbà, ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n máa kà á ní ìjọ o.”

Kọ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì mi ni.