Ẹ̀yìn Ọwọ́ Olùkọ́ Wa

Olùkọ́ wa obìnrin ní Ìjagun kì í jókòó sórí àga oníke tí oòrùn pa láìkọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Wọ́n á ní, "Ike kì í sọ pé ó ti rẹ òun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀."

A yọ́ ike, a fi ṣe pákó ìjókòó méjì. A po ìhá ẹyìn, fọ́nrán tó kù lẹ́yìn fífún epo, tá a bù ní ẹbu epo Ìmùṣin mọ́ ọ̀kan kó lè le. Wọ́n ní ká gbé òkúta lé méjèèjì nínú oòrùn. Tí oníhàá bá tẹ̀, a ò yege nìyẹn.

Lọ́sàn-án, èyí tí kò ní ìhá ti tẹ̀ bí ọrun. Olùkọ́ wa gbé òkúta kúrò lórí oníhàá; kò tẹ̀. Mo ń retí ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn. Wọ́n kàn jókòó lé e, wọ́n na ẹsẹ̀.

Wọ́n yíjú sí wa:

"Kí lẹ dúró ń wò? Ẹ wá jókòó."