Ìdajì Ni Kí Ẹ Fà Kúrò

Ìyàwó mi tó ti lọ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí nọ́ọ̀sì ni àwọn ará ilé mi ń pè é títí wọ́n fi sin ín. Lójú wọn, obìnrin tó bá wọ aṣọ funfun lọ síbi iṣẹ́ kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn.

Yàrá ìwádìí kékeré kan ní Ibafo ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Mowe. Ohun tó fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ni pé kó mú mùdùnmúdùn inú egungun itan eku, kó sì tọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ dàgbà nínú abọ́. Àwọn kan wà nínú wọn tí yóò di ọmọ ogun ara lọ́jọ́ iwájú. Ìgbà ọmọdé wọn gan-an ló ń wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá á kọ́kọ́ tẹ́ ara wọn sísàlẹ̀ abọ́ bí ẹní, àwọn ọmọdé á wá sùn sórí wọn fẹ́rẹ́fẹ́. Nítorí náà, tó bá fẹ́ pààrọ̀ omi oúnjẹ wọn, ìdajì ló máa ń fà kúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó ka iye àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kó sì kọ orí tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀, ni ìpàdé ẹbí wa bá bọ́ sí Sátidé, ní Ifọ̀. Sátidé ni ọjọ́ oúnjẹ wọn.

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ni?" mo bi í.

"Ọmọ ọwọ́ á ké tí ebi bá ń pa á. Àwọn wọ̀nyí ò ní ké."

Ó bá mi lọ ṣá. Ọ̀gá rẹ̀ gbà láti bọ́ wọn, ìyẹn ọkùnrin kan tí kò fọwọ́ kan abọ́ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ìyàwó mi lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn fún un: ìdajì ni kí ẹ fà kúrò. Èmi, ọkùnrin tó kàwé, mú un lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà tí wọ́n fi odidi ọjọ́ jiyàn lórí ẹni tí yóò jókòó sórí àga bàbá wọn. Apá kan àga náà ti já.

"Ìyàwó, kí lò ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an?" àbúrò bàbá mi obìnrin bi í.

"Mùdùnmúdùn eku ni mò ń tọ́jú, mà."

"Háà! Àwa ń fa tiwa mu, ìwọ ń tọ́jú tìẹ. Ṣé kò séran ní Mowe ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ń wo aago.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé e lọ sí Ibafo. Ó fojú sí ẹnu awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pààrọ̀ abọ́. Ó tún pààrọ̀.

"Ẹní wà nílẹ̀," ó wí. "Kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀."

Ọ̀gá wọlé.

"Sà, ta ló bọ́ wọn?"

"Èmi fúnra mi ni. Omi tí mo bá níbẹ̀ ti rú. Mo dà á nù, mo ṣan abọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá bu tuntun sí i. Àbí ẹ kì í ṣan àmù nílé yín kí ẹ tó pọnmi sí i?"

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ló mú omi rú, sà. Àwọn lẹ dà nù. Mo kọ ìdajì sílẹ̀."

"Ìdajì àná, ìdajì òní! Ìyàwó ahun. Ṣé bí o ṣe ń bọ́ ọkọ ẹ nìyẹn?" Ó yíjú sí mi. "Ọkọ ìyàwó, ẹ kú ìfaradà o."

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó ti mọ́ mi lára láti máa rẹ́rìn-ín bí àgbà bá ṣàwàdà. Ọkùnrin yẹn ka ìwé ara ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó rò pé òun ń tún nǹkan ṣe.

Ìyàwó mi wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ mú eku mìíràn. Oṣù méjì ni iṣẹ́ náà tún máa gbà á. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ní kí n gbé e lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ jókòó sílé, olówó orí mi," ó wí. "Ẹ lè tún rí nǹkan tí ẹ máa rẹ́rìn-ín sí."

Ó gun ọ̀kadà lọ. Ó gba oyè náà. Ọ̀pọ̀ ọdún la tún jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn, àyè sì wà láti tọrọ àforíjì. Mi ò tọrọ rẹ̀.