Búrẹ́dì Hakkari Lábẹ́ Bàtà

Kò sí ilé Assyria kan ní àríwá Chicago tí wọn kò ti mọ Arbella Warda. Òun ló ya màlúù abìyẹ́ sára ògiri ilé oúnjẹ tó wà lójú Òpópónà Peterson. Òun náà ló rán ìborí àwọn ìyá wa tó ti kú pọ̀, tó fi ṣe àsíá ńlá tí a máa ń gbé kiri lọ́jọ́ Ọdún Tuntun wa. Ká má parọ́, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Àmọ́ ìyìn àwa tá a jọ ń jẹ dolma, ìrẹsì tí a fi ewé àjàrà dì, kò tó o mọ́. Ó ń fẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀ràn àárín ìgboro, àwọn tó máa ń káwọ́ sẹ́yìn wo àwòrán, pe orúkọ òun náà.

Nígbà tí wọ́n wá fún un ní gbọ̀ngàn ńlá kan níbẹ̀ láti fi ṣàfihàn, ó lọ bá Khalti Shushan, àbúrò ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Khalti ṣì ní ààrò amọ̀ nínú gáráàjì, níbi tó yẹ kí mọ́tò wà.

"Khalti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Ó máa pọ̀ o."

"Ta ló fẹ́ ṣègbéyàwó?"

"Kò sẹ́ni kankan. Àfihàn mi ni."

"Àní mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ọkọ ò tíì yá lójú tìẹ. Ta ló máa jẹ búrẹ́dì náà?"

Arbella gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn àlejò ni mo fẹ́ tẹ́ ẹ fún."

Inú Khalti dùn dẹ́yìn. Èéfín ta á lójú, iná jó o níka, kò bìkítà. Lẹ́yìn ìsìn, ó ń sọ fún gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun fẹ́ fún àwọn òyìnbó ní búrẹ́dì Hakkari jẹ.

Arbella kó búrẹ́dì náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ìkángun, kò ṣẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà kù. Búrẹ́dì kan dúró fún abúlé kan lára àwọn abúlé orí òkè Hakkari tí wọ́n ti lé àwọn baba wa kúrò, ó sì kọ orúkọ àwọn abúlé náà sára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹ abúlé kan mọ́lẹ̀. Bó bá ń rún wómúwómú lábẹ́ bàtà wọn, wọ́n á mọ ohun tójú wa rí. Meredith, obìnrin tó ni gbọ̀ngàn náà, ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Àìmọ̀kan kọ́ o. Bí búrẹ́dì bá bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ńṣe là ń mú un, a ó fẹnu kò ó, a ó fi kan iwájú orí, a ó sì gbé e síbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé. Khalti ti nà án nítorí ẹ̀ rí nígbà tó wà ní kékeré. Arbella mọ̀ dáadáa. Ó kàn ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà ní òfin tirẹ̀ ni. Síbẹ̀, kò pe Khalti síbi àfihàn. Ó ní kò sí àga níbẹ̀, eékún Khalti kò sì gbà á.

Ọ̀sán Sunday tí wọ́n ṣí i, Khalti wọ bọ́ọ̀sì débẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò dolma lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí búrẹ́dì rẹ̀, ó rí ipa bàtà lórí rẹ̀.

"Yé! Ṣé tábìlì ló dojú dé ni?"

Khalti gbé ìkòkò kalẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri títí ó fi kúnlẹ̀. Ó ń mú búrẹ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹnu kò ó, ó ń fi kan iwájú orí, ó ń kó o jọ sínú ìborí rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn yà fún un, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Meredith fẹnu sí Arbella létí. "Ṣé ara iṣẹ́ náà ni màmá yìí?"

Tó bá ní rárá, yóò ní láti sọ ohun tó ń pa ìyá àgbà yìí lẹ́kún.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló sọ.

Ẹyin lohùn. Meredith pàtẹ́wọ́, ni gbogbo ilé bá gbà á. Khalti gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó fọwọ́ lé àyà láti dúpẹ́.

"O rí i," ó sọ ní èdè wa, "àjèjì ni wọ́n, wọ́n sì mọ iyì oúnjẹ."

Ojú ti Arbella débi pé ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lè lanu. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Khalti, ó mú búrẹ́dì kan tó ti rún, ó fẹnu kò ó. Kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ńṣe ni àtẹ́wọ́ náà tún le sí i. Ó fẹ́ pariwo pé kì í ṣe eré. Ta ni yóò gbà á gbọ́?

"Arbella," Khalti rọra pè é, "kí ni obìnrin yẹn bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó o ní bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó bi mí bóyá ẹ̀yin ni ìyá mi."

Ojú Khalti tàn. Ó fa orí Arbella mọ́ra, ó sì fi ẹnu tí ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀ kò ó níwájú orí, níṣojú gbogbo wọn, bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.