Àjákù Ìró Lọ́rùn Òbúkọ

Pius kò tíì sunkún. Ó ti pé oṣù méje tí wọ́n sin Rhoda ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì gbẹ. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ọkùnrin o. Ara rẹ̀ ló kú. Á jí, á lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Igbókòdá, á padà wálé, á jẹ gàárì, á sùn. Bí ẹ bá bi í bóyá gàárì náà kan, kò mọ̀.

Ọmọ Èkìtì ni, ọmọ Ìlàjẹ ni Rhoda. Nígbà tí àwọn ẹbí Rhoda kó aṣọ rẹ̀ jáde láti pín in, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ mú ọ̀kan." Tíṣà ní kí wọ́n máa kó o lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àgbàlagbà! Ìró kan ṣoṣo kò ṣẹ́ kù nílé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí aṣọ Rhoda tó ti ṣófo wò láràárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí Pius yóò pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ni Olówòkéré, bàbá tó ń sin ewúrẹ́ ní Mahintẹdó, pè é. "Tíṣà, òbúkọ tí ìyàwó yín yàn ti tó pa o."

Rhoda kì í ra ẹran lọ́jà. Ó ní èyí tó wà nínú fírísà ti dàgbà ju ọmọ ọwọ́ lọ, èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó wá láti òkè, ta ló mọ iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un? Ọ̀dọ̀ Olówòkéré ló ń lọ, níbi tí ewúrẹ́ ń gbé orí pákó lókè omi, tí wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti koríko tútù. Oníbàárà á yan ọmọ ewúrẹ́ tó wù ú, á ya etí aṣọ ara rẹ̀, á so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Tirẹ̀ nìyẹn títí ọjọ́ pípa. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ju aṣọ náà sómi. Olówòkéré kì í jẹ́ kó bá ẹran lọ sílé, ó ní oríire ọgbà òun ló ń lọ yẹn. Bí oníbàárà bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ kí wọ́n tó pa ẹran, ó ti yọ̀ǹda ẹran náà nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ bà á ló ni ín. Kò sí ẹjọ́.

Gbogbo èyí ni Pius mọ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Mahintẹdó, ó gbé abọ́ dání.

"Ọjọ́ ìbí yín ló yàn án fún," ni Olówòkéré wí. "Ó ní bí ọba ló bá fẹ́ rà á, n ò gbọdọ̀ tà á."

Pius kò gbọ́. Ọrùn òbúkọ ló ń wò. Ìró búlúù tó ní ẹyẹ pupa ni, èyí tí Rhoda máa ń ró dáná. Ọwọ́ rẹ̀ kàn jáde ni. Ó tú kókó náà.

"Yéè! Tíṣà!"

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Beauty, tó ń se oúnjẹ tà ní èbúté Igbókòdá, tó wá mú ẹran tirẹ̀, ti gbé ọwọ́ lé òbúkọ lẹ́yìn. "Mo ti bà á o, Bàbá!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú Pius, ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ẹ so ó padà, sà," ni Beauty wí. "N kò mọ̀ pé ti màmá ni."

"Ẹ so ó padà kíá," ni Olówòkéré wí. "A ò rí nǹkan kan."

Pius wo aṣọ, ó wo omi. Bó bá so ó padà, á jẹ ẹran tí aya rẹ̀ yàn fún un, aṣọ á sì lọ sómi lójú rẹ̀. Bó bá dì í mú, ẹran lọ nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kó máa mú un lọ."

Nínú ọkọ̀, ọlọ́kọ̀ wo abọ́ òfìfo. "Tíṣà, ẹran kò sí ni?"

"Mo ti gba tèmi," ni ó dáhùn.

Ó délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé aṣọ náà sí imú. Òórùn òbúkọ ni. Ó yí i padà, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Òbúkọ náà ni. Kò sí ọṣẹ Rhoda níbẹ̀, kò sí èéfín ààrò rẹ̀. Ó jókòó ti àpótí. Ẹran ni Rhoda fi sílẹ̀ fún un, kó lè rí nǹkan gidi jẹ. Aṣọ kàn jẹ́ àmì ni. Áà, Pius! Ìgbà náà ni ẹkún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e, ó sì sun ún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Lọ́jọ́ tó pé ọgọ́ta ọdún, ó lọ sí ìsọ̀ Beauty ní èbúté, ó fa àga, ó ní kó bu òbúkọ náà fún òun. Beauty bù ú fún un. Pius jẹ ẹ́ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ náà.