Gbà á Àbí Gbá a, Lábẹ́ Ṣímínì

Ilé-iṣẹ́ kan wà tó kọ́lé káàkiri gúúsù Lọ́ńdọ̀nù títí wọ Kẹ́ǹtì, láàárín ogun àgbáyé méjèèjì. Orúkọ wọn wà níkùn bíríkì kọ̀ọ̀kan bí ilà ojú. N kò ní dárúkọ wọn, wọ́n lè ní ọmọ-ọmọ. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ bíríkì í kà. Wọ́n ní bíríkìlà wọn kan yára tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ ara rẹ̀ mọ́ inú ilé. Ojú fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ti ń gbé oúnjẹ fún un títí ogun kejì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi bíríkì.

Alhaja kan ra ọ̀kan nínú ilé wọn ní Nunhead, kò jìnnà sí ilé mi ní Peckham. Ó fẹ́ kí ilé ìdáná òun fẹ̀ sí i. Ọkọ ọmọ mi, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló gba iṣẹ́ náà. Mo bá a lọ, nítorí ìyàwó mi ní jíjókòó sílé ń sọ mí di oníjà.

Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí a wó ìsàlẹ̀ ṣímínì, ọ̀wọ̀n bíríkì tí èéfín ń gbà jáde, kí a fi ìtì irin gbé ti òkè ró. Kí ìtì irin tó wọlé, ọ̀pá méjì péré ló gbé ti òkè náà ró. Bíríkì wọn le bí orí àgbò, ṣùgbọ́n eérú dúdú ni wọ́n fi po ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n. Bí a ṣe yọ ti ìsàlẹ̀, eérú bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí gààrí tí àpò rẹ̀ ya.

"Dádì, ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan o," àna mi wí. Ó ti wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé ìtì irin lé èjìká.

Alhaja yọjú, ó bá mi lẹ́nu ìtàn bíríkìlà náà. "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹnu yín kì í sinmi?"

"Alhaja, bó bá sinmi, ẹ óò rò pé mo ti kú."

Ohun kan ró kàà lókè. Ọ̀pá kan yẹ̀, ó fì sọ́dọ̀ mi. Àna mi kò lè jáde lábẹ́ ẹrù. Òòlù sì wà lọ́wọ́ mi.

"Dádì! Ẹ gbá a! Ẹ gbá a!"

Gbá a? Bí mo bá gbá ọ̀pá náà lóòlù, ó lè padà sípò. Ó sì lè ṣubú, kí ṣímínì sọ ọmọ mi di opó. Mo gbé òòlù sókè.

Ni mo bá rántí ọjọ́ ìdána wọn. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ méjì na ife omi sí mi: "Dádì, ẹ gbá a." Gbogbo ẹbí ń wò mí bóyá n ó ta ife nípàá. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ o, rìmóòtù o, ọmọ-ọmọ mi tuntun pàápàá, gbogbo ohun tó fẹ́ kí n gbà ló ń ní kí n gbá.

Mo ju òòlù nù, mo dì mọ́ ọ̀pá náà bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Eérú dà sí mi lójú, ó dà sí mi lẹ́nu. Ọwọ́ méjì ni mo fi dì í, èmi tí mo máa ń sọ pé mo ti fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù rí. N kò pa irọ́ kan títí ìtì irin fi jókòó.

Àna mi jáde, ó dúdú fún eérú. Alhaja ń ké "Alihamudulilahi" lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, ẹ ṣé gan-an. Ẹ gbá a dáadáa!"

"N kò gbá a," mo ní. "Ìyẹn lo ṣe wà láàyè."

Kò yé e. Ó na ìgò omi sí mi. "Ẹ gbá a."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.